Gíláàsì Aláwọ̀ Aró Ilé Bàbá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kò ní jẹ́ kí èèyàn sinmi. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Ẹ̀pẹ́ lẹ ti ń bi mí pé, "Màmá, kí lẹ rí níbẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́ báyìí?" Ó dáa, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ ibí. Ẹ̀yin tí bàbá yín ti Ọ̀yọ́ wá, ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ ará Ọ̀ṣun, inú ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìkòròdú yìí, omi kànga kan náà la jọ ń mu, mi ò lè fi pamọ́ fún yín. Mo ti fi pamọ́ tó. Ohun tí mo gbé sínú láti kékeré títí irun mi fi funfun, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo tú u síta, ara mi ò sì tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Múnírá ọmọ-ọmọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ níbi iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ lọ wo àwọn ilé ńlá àtijọ́, kí wọ́n jáde láàárọ̀, kí wọ́n padà nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa lọ, ẹ̀yin lẹ mọ ayé ìgbà yẹn." Ẹ̀rín pa mí. Láyé tiwa, ta ló ń wọkọ̀ lọ wo ilé onílé? Bó o bá lọ sílé èèyàn, o lọ kí i ni, tàbí o lọ bá a ṣọ̀fọ̀, tàbí o lọ bá a jẹun. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé tó ń wo òrùlé, olè ni wọ́n máa pè é. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà, ohun tí à ń pè nílé ti di ìran lójú yín. Mo ní ó dáa, mo máa bá yín lọ.

Ìkòròdú níbí la ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú wa wo ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì méjì tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láti ọdún tí mo ti rélé ọkọ, tí mi ò gbójú sókè wò rí. Ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri, Wàsíù lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin. Ó ń tọ́ka sí ọnà ara ògiri, ó ń dárúkọ oríṣiríṣi nǹkan, àwọn ọmọ ń ya fọ́tò. Èmi ń wá ibi tí mo máa jókòó sí.

Lẹ́yìn náà la dorí kọ Ẹ̀pẹ́. Kí ọ̀dà tó dé ojú títì yẹn, omi ni títì tiwa. Ẹ̀pẹ́ la ti ń wọkọ̀ wá sí Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú níbí, tàwa tẹrù wa, tẹja tàgbọn. Ọkọ̀ ojú omi kì í kánjú. Ẹ ó jẹun níbẹ̀, ẹ ó sùn níbẹ̀, ẹ ó jà, ẹ ó sì parí ìjà kẹ́ ẹ tó gúnlẹ̀. Lọ́dún Iléyá kan, àgbò tí Bàbá Àgbà rà ní Ìpakodò já okùn, ó bẹ́ sómi nígbà tí Ẹ̀pẹ́ kù díẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta bẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i mú, àgbò ti gúnlẹ̀ tirẹ̀, ó ń jẹ koríko létí èbúté, omi ń kán lára ẹ̀. Àwọn ọkùnrin yẹn ló ń mí gúlegúle. Títì tòde òní yá lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì? Kálukú tẹjú mọ́ fóònù ẹ̀.

Ilé Bàbá Àgbà gan-an ni wọ́n ń mú wa lọ wò ní Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé náà fún yín. Bàbá Àgbà ni bàbá tó bí bàbá mi. Ẹja àti àgbọn ló fi là. Nígbà tó fẹ́ kọ́lé, ó ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n sì wá bíríkìlà àti káfíńtà fún un lára àwọn ọmọ Àgùdà, àwọn tí baba wọn ti ìlú Bùràsíìlì padà wá. Gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, orí omi ló gbà dé. Lókè fèrèsé pálọ̀ òkè, wọ́n to gíláàsì bí ìdajì òṣùpá, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, èyí tó wà láàárín gan-an ní àwọ̀ aró. Bí oòrùn bá yọ, àwọ̀ yẹn á bọ́ sílẹ̀ lórí pákó. Àwa ọmọdé á máa du ibi tí a máa fẹsẹ̀ sí. Ẹni tó bá dúró sínú aró lọ́jọ́ náà, òun lọba wa. Bàbá Àgbà fúnra ẹ̀, bó bá kírun àsùbáà tán, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí láti wo ọ̀sà.

Ilé yẹn kì í dákẹ́. Ìgbálẹ̀ àwọn ìyàwó ló ń jí wa, wọ́n á ti gbálẹ̀ àgbàlá tán kójú tó mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ọlọ á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọlọ odó, lẹ́yìn odó àwọn tó ń ra ẹja yíyan á dé, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn onípákó wa máa ń fọhùn. Bó bá ké lẹ́ẹ̀mejì, ọmọdé ló ń gòkè. Bó bá ké pẹ́, Bàbá Àgbà ló ń bọ̀, kí oníwà dẹ́kun ìwà. Nínú àwẹ̀, wọ́n á gbá páànù káàkiri àdúgbò láti jí wa jẹ sààrì, àwa ọmọdé tí kì í gbààwẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ jí jẹun. Tó bá wá dọjọ́ Káyókáyó, ọdún tí Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, ìlú á jẹ, á yó, á tún jẹ. Ìyá mi ní ọjọ́ yẹn ni òun máa ń mọ iye ènìyàn tó mọ òun.

Ibi tọ́rọ̀ wà ló kàn yìí. Ẹ̀yin ìyàwó òde òní, ẹ ń pe àbúrò ọkọ yín lórúkọ, ẹ ń pe ọkọ gan-an lórúkọ, ẹnìkan ò bá yín wí. Nígbà yẹn, bí ìyàwó bá wọlé, gbogbo ọmọ tó bá nílé, títí kan èyí tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ọkọ ẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ àbísọ. Á wò ó, á fún un lórúkọ tó bá ìwà tàbí ìrísí ẹ̀ mu. Ẹni tó bá ń lọ síléèwé á di Akọ̀wé, ẹni tí eyín ẹ̀ bá funfun á di Eyínfúnjowó. Ìyàwó tó bá pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ilé ìyá ẹ̀ ni wọ́n máa bú pé wọn ò kọ́ ọ.

Àbúrò bàbá mi fẹ́ ìyàwó kan wá láti Ìjẹ̀dé. Sàfúrátù lorúkọ ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, èmi jẹ́ mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mi ò kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Bó bá lọ sídìí kànga, mo wà níbẹ̀, bó bá jókòó ti ẹja, mo wà níbẹ̀, inú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ló bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹyẹlé mi rèé." Ó di orúkọ mi nìyẹn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fún mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwa méjèèjì nìkan la sì mọ̀ ọ́n.

Ẹyẹlé gidi, ẹyẹlé abìyẹ́, pọ̀ nílé wa bákan náà. Lọ́jọ́ ọjà Ẹ̀jìnrìn kan, àwọn ìyàwó àgbà ti kó ẹrù lọ sọ́jà, àbúrò bàbá mi wà lẹ́nu òwò lójú omi, ìyàwó tuntun nìkan ló kù nílé nítorí pé kò tíì tó ẹni tó ń lọ sọ́jà. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní. Àwọn ẹyẹlé ò gbà fún mi. Mo lé wọn títí, inú bí mi, mo mú òkò. Ẹyẹlé fò, òkò kọjá, mo gbọ́ wáàrà lókè. Gíláàsì aláwọ̀ aró ti fọ́.

Sàfúrátù wà lọ́dẹ̀dẹ̀ òkè, ojú ẹ̀ ló ṣe. Ó gbọ́wọ́ lérí. Kàkà kó pariwo, ó sáré wálẹ̀, ó kọ́kọ́ ń ṣa àfọ́kù kó má bàa gún mi lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Àgbà bá wa, òun àti àlejò mẹ́ta tó wá kí i.

"Ta ló fọ́ gíláàsì mi?"

Sàfúrátù kúnlẹ̀. Ó wò mí. Mo wolẹ̀.

"Ẹyẹlé ni, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Ẹyẹlé ni, Bàbá. Kò mọ̀ọ́mọ̀."

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹyẹlé tí kò mọ̀ọ́mọ̀!" Wọ́n tún rín in. Bàbá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìyàwó náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ òun. Ó ní, "Ìyàwó tí a gbé wálé, irọ́ ló kọ́kọ́ fi kí wa." Ó yí padà, ó gòkè lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, kí ló dé tí kò nawọ́ sí mi? Ìyàwó tuntun wo ló ń nawọ́ sí ọmọ ọkọ níwájú àlejò? Ó ti sọ èyí tí ẹ̀kọ́ ilé jẹ́ kó sọ. Ìyókù, èmi ló fi sílẹ̀ fún. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, "Èmi ni Ẹyẹlé." Kòbókò Bàbá Àgbà wà lára ògiri, mo ń rí i láti ibi tí mo dúró sí. Mo pa ẹnu mi dé.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Apurọ́mẹ́yẹlé. Orúkọ náà wọkọ̀ dé Ìjẹ̀dé kí òun fúnra ẹ̀ tó padà dé ibẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan ni ìyá ẹ̀ dé, ó gbé agbọ̀n edé kan dání, ó kúnlẹ̀ sórí pákó pálọ̀ níwájú Bàbá Àgbà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mi ò kọ́ ọ nírọ́." Obìnrin yẹn gbójú sókè, ojú èmi àti ẹ̀ ṣe mẹ́rin. Mo sá lọ. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ẹyẹlé abìyẹ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi Ẹyẹlé aláìníyẹ̀ẹ́, mo yẹrí.

Káfíńtà kan pákó sí ojú ihò náà, nítorí pé wọn ò rí irú gíláàsì yẹn mọ́. Mo dàgbà, mo lọ sílé ọkọ ní Ìkòròdú, mo bímọ. Bí mo bá lọ ṣọdún nílé, Sàfúrátù á ti fi orí ẹja yíyan pamọ́ fún mi. Kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ náà rí. Bó bá bi mí, bóyá ì bá sàn fún mi. Mo máa jẹ ẹja náà láìwo ojú Sàfúrátù.

Bí a ṣe dé ilé náà lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní bí wọ́n bá wò ó tán, mo máa wọlé lọ kí Sàfúrátù, tó ti di arúgbó tí kò rìn mọ́, tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Wàsíù kó wa gòkè. Àtẹ̀gùn ti rọ̀, Múnírá dì mí lápá mú. Gbogbo wọn gbójú sókè wo gíláàsì, wọ́n ń ṣe háà. Wàsíù bá pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo àárín yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pákó? Ìyàwó ilé yìí kan ló fọ́ ọ. Wọ́n bi í pé ta ni, ẹ mọ nǹkan tó sọ? Ó ní ẹyẹlé ni! Apurọ́mẹ́yẹlé ni wọ́n ń pè é títí dòní."

Ẹ̀rín ya. Múnírá tèmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Mo bi Wàsíù pé, "Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

"Ìtàn ilé ni, Màmá, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Màmá náà ṣì wà láyé o, àwọn ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Tá a bá ti débí, wọ́n máa ń gbọ́ ẹ̀rín wa."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rò ó wò. Gbogbo ìgbà tí àlejò bá ti wá, obìnrin yẹn á dùbúlẹ̀ sínú yàrá, á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òun rẹ́rìn-ín lókè orí òun. Ojú sì ń tì mí. Mo ti na Múnírá rí nígbà tó wà ní kékeré, torí pé ó lá mílíìkì tó ní òun kọ́. Báwo ni mo ṣe máa la ẹnu níwájú ẹ̀? Àmọ́ bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Mo wò ó pé bí mi ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi tàbí òun, ẹnìkan á kú kí n tó sọ ọ́.

Mo ní, "Èmi ni."

Múnírá ní, "Ẹ̀yin ni kí ni, Màmá?"

"Èmi ni Ẹyẹlé."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn sáré gbé omi wá, ó ní bóyá oòrùn ló mú Màmá. Mo gba omi náà, mo mu ún, mo wá jókòó sórí pákó yẹn, mo rò ó fún wọn látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò mọ́. Wàsíù ti ṣí fìlà.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Ó ti gbọ́. Pákó yẹn kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dìde, ọkọ mi. Ọmọ ilé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n kúnlẹ̀."

Ó ní, "Kí ló dé tó fi di òní?"

"Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Nígbà tí ẹ̀rù tán, ìtìjú ló kù."

Wàsíù dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Màmá má bínú, òun ò ní sọ ìtàn yẹn bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Sàfúrátù ní kó dìde, kó má ba aṣọ ẹ̀ jẹ́. Ó wá di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ ẹ̀ ti fúyẹ́.

Ó ní, "Mo ti dárí jì yín kẹ́ ẹ tó dàgbà. Ọmọdé lẹ jẹ́. Nígbà tí ọkọ mi ti ojú omi dé, mo ṣàlàyé fún un, ó gbà mí gbọ́, ó ní ká fi ọmọdé sílẹ̀. Ìyá mi ni kò gbà. Mo sọ fún un pé ọmọ ni. Ó ní bó bá jẹ́ ọmọ ni, ṣé ọmọ náà á máa wo òun lórí ìkúnlẹ̀, tí kò ní sọ̀rọ̀? Ó bá ìtìjú yẹn kú, ọkọ mi. Ó kú, ó rò pé òpùrọ́ lòun bí."

Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

A padà sínú bọ́ọ̀sì. Bí a ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkòròdú, mo ní kí dẹ́rẹ́bà yà sọ́nà Ìjẹ̀dé. Dẹ́rẹ́bà yà. Ilé bàbá Sàfúrátù kì í ṣe ilé ìran. Ilé ilẹ̀ ni, páànù ẹ̀ ti pọ́n, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Lámídì, jókòó síwájú ẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ọ̀wọ́ èèyàn tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì bà á lẹ́rù díẹ̀. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sì sọ ohun tí mo bá wá.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, a tẹ̀ lé e. Sàréè kan wà níbẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ẹ̀, wọ́n sì gbálẹ̀ yí i ká dáadáa.

Bàbá Lámídì ní, "Ìyá wa nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn fúnra yín."

Múnírá dì mí mú títí orúnkún mi fi kan ilẹ̀. Mo dárúkọ mi fún obìnrin náà, orúkọ àbísọ mi àti orúkọ bàbá mi, èyí tí ọmọ ẹ̀ kò lè fẹnu pè lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo fọ́ ọ. Sàfúrátù ò purọ́."